Àtẹ́lẹ̀ Bàtà Kì Í Purọ́

Ẹni tó bá ní ìfẹ́ ò mọ òkè, olúwa rẹ̀ ò tíì fẹsẹ̀ gun òkè rí. Nọ́ọ̀sì tí ìtàn yìí dá lé lórí ò ronú kan òkè títí di ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn pè é sí ọ́fíìsì, tó fa ìwé kan lé e lọ́wọ́. Orúkọ ìlú kéékèèké mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà. Orí òkè ni gbogbo wọn wà, gbogbo wọn ló sì ń wá agbẹ̀bí. Ọdún márùn-ún ni iṣẹ́ náà, ilé wà ńbẹ̀, ìgbéga wà ńbẹ̀. Kó fi àmì síwájú ìlú kan ṣoṣo, kó sì dá ìwé padà kí oṣù tó parí. Bí kò bá dá a padà, wọ́n á fún ẹlòmíì, ó di gbére nìyẹn.

"Mẹ́ta péré ni, Nọ́ọ̀sì," ni ọ̀gá àgbà wí. "Kì í kúkú ṣe ọkọ ni mo ní kó o yàn."

Ọ̀gá àgbà ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ gan-an ló wà nídìí ẹ̀.

Ọkọ tí à ń wí yìí, aránbàtà ni. Ṣúmékà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó sì máa ń rùn fún awọ àti gọ́ọ̀mù. Ọdún kan àtààbọ̀ sẹ́yìn ni gìgísẹ̀ bàtà Nọ́ọ̀sì já lójú ọ̀nà, tó fi tiro wọbẹ̀. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó gba bàtà, ó dojú ẹ̀ dé, ó fi àtàǹpàkò nu àtẹ́lẹ̀ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì lẹ máa ń fi dúró," ó ní. "Ẹ máa ń dúró pẹ́, ẹ sì máa ń sáré lójijì. Àbí àwọn aboyún lẹ̀ ń tọ́jú?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bàtà yín ni. Ẹnu èèyàn lè purọ́, ojú lè purọ́, àtẹ́lẹ̀ bàtà kì í purọ́."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni bàtà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn fura pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa gìgísẹ̀ bàtà yọ kó lè rí ìdí dé ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sì fi gbogbo ara purọ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka bàtà. Aránbàtà á gbé bàtà oníbàárà kan fún un, á ní kó sọ irú ẹni tó ni ín. Bó bá gbà á, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣì í, ọkùnrin náà á di ìka rẹ̀ mú, á fi tọ ibi tó jẹ lára bàtà, kò sì ní tètè fi ìka náà sílẹ̀.

Ìjọba ìlú ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ṣọ́ọ̀bù náà pé wọ́n máa wó o, ọ̀nà ló máa gbabẹ̀ kọjá. Nítorí náà nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbé ìwé òkè dé, aránbàtà ò janpata. Ó ní orí ló ń ṣiṣẹ́, pé àwọn tó ń gun òkè ló ń jẹ bàtà jù láyé. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn á ṣègbéyàwó, àwọn á sì jọ lọ. Ó wá ku ìyá Nọ́ọ̀sì, tó ti gbọ́ nípa ìwé ìlú mẹ́ta náà, tí kò tíì mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́.

Tíṣà ni ìyá náà, ó ti fẹ̀yìntì. Tíṣà Àgbà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì ní ó lè kọjú sí pátákó kó ṣì mọ ẹni tó ń jẹun lẹ́yìn. Òun àti Nọ́ọ̀sì nìkan ló jọ ń gbé láti ìgbà tí baálé ilé ti kú. Ilé náà gún régé ju ọ́fíìsì lọ. Àga kan ò gbọ́dọ̀ ṣípò. Bí Nọ́ọ̀sì bá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìtì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á jọ sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní àràárọ̀, Tíṣà Àgbà á ní kó ka ìwé ìròyìn sókè fún òun. Ó ní kíkà rẹ̀ ti dìbàjẹ́ láti ìgbà tó ti ń ka káàdì aláìsàn. Nọ́ọ̀sì a sì máa kà á, a máa ráhùn sínú pé ìyá òun ò mọ̀ pé òun ti dàgbà.

Àbúrò ìyá rẹ̀, Bàbá Kékeré, ló ṣe alárinà. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni, ọ̀nà òkè ló ń ná, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ bíi ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Òun ló mú aránbàtà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, tí àwọn méjèèjì ti wọ ẹ̀wù tó gún.

"Ẹ káàsán mà," ni aránbàtà wí.

Tíṣà Àgbà tó ti ń fẹ́ rẹ́rìn-ín pa ẹnu dé. Ó yí orí síbi tí ohùn náà ti wá.

"Ìwọ kọ́ nìyẹn?"

"Èmi ni mà."

"Rárá," ni Tíṣà Àgbà wí. Kò pariwo. "N ò ní gbà."

Nọ́ọ̀sì wo ìyá rẹ̀, ó wo aránbàtà. "Màmá, ẹ mọra yín?"

"Ta ni ò mọ aránbàtà? Ta ni kì í wọ bàtà?"

Bàbá Kékeré fi ọ̀rọ̀ sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ò lẹ́gàn. Ọmọkùnrin yìí kì í mutí, kì í jà."

"Mi ò sọ pé ó ń jà. Mo ní n ò gbà. Ọmọ mi ò ní gorí òkè bí ewúrẹ́ torí àtifẹ́ ọkọ. Mú ìwé yẹn wá kí n wò ó."

Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì ń gbọ̀n. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó fa ìwé yọ, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Tíṣà Àgbà gbé e sókè síwájú ojú, ó wá ká a ní mẹ́rin.

"Mo ti kà á. Kò sí ọ̀kan tó sunwọ̀n nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ó dìde, ó lọ tààrà síbi àpótí tábìlì, ó ti ìwé náà mọ́bẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ máa lọ."

Lójú ọ̀nà, Nọ́ọ̀sì bi aránbàtà léèrè ohun tó wà láàárín rẹ̀ àti ìyá òun. Aránbàtà wo ilẹ̀. Ó ní ìyá náà gbé bàtà wá fún òun rí ni. Nọ́ọ̀sì gbà á gbọ́, nítorí pé ó fẹ́ gbà á gbọ́.

Wọn ò tìtorí ìyẹn jáwọ́. Bàbá Kékeré ní omi tó bá fara balẹ̀ ló ń tòrò, kí aránbàtà kọ́kọ́ gorí òkè lọ wo ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n lè ní ohun tí wọ́n máa gbé wá síwájú ìyá. Aránbàtà bá a lọ nínú bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló lò. Nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí fáwọn èèyàn láìmikàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì tó ń kọjá ka ọjọ́. Bó bá ti gbúròó bọ́ọ̀sì lójú títì, á na ọrùn síta lójú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní bí àárò bá ń pa á tó báyìí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí wọ́n kúkú tètè so wọ́n pọ̀ kí aláìsàn lè rójú.

Nígbà tí aránbàtà dé, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti jókòó sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ti dúdú sí i, ẹ̀rín rẹ̀ ò yàtọ̀. Ó ní òun jókòó sẹ́nu ọjà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, òun ń bá wọn lẹ bàtà, òun ń wo àtẹ́lẹ̀.

"Ìlú àkọ́kọ́, àtẹ̀gùn lásán ni. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni láti ọjà dé ilé ìwòsàn, mo kà á. Imú bàtà wọn ló ń jẹ. Gbogbo wọn ló ń mí hẹlẹhẹlẹ."

"Yọ ìyẹn kúrò. Ìkejì ńkọ́?"

"Ìkejì lóòrùn. Ojú ọ̀nà fẹ̀, ilé ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọ̀dà, ọjà wọn kún. Bàtà wọn jẹ dọ́gbadọ́gba. Èèyàn tí ọkàn wọn balẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì ti ń rẹ́rìn-ín. "Ó parí nìyẹn."

"Ẹ̀kẹta ni ká lọ."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kùrukùru," ni aránbàtà wí. "Láti ìdájí títí aago mẹ́wàá, o ò ní rí ọwọ́ ara ẹ. Òtútù ń mú, aṣọ kì í tètè gbẹ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ó ń yí gòkè, irin gígùn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ látìsàlẹ̀ dókè. Àtẹ̀gùn ò sí. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́."

Nọ́ọ̀sì ń dúró kó sọ èyí tó dára níbẹ̀. Kò sọ ọ́.

"O fi ìlú olóòrùn sílẹ̀, o mú ìlú tí aṣọ kì í ti í gbẹ. Kí ló fà á?"

"Ibẹ̀ ló wù mí."

"Wò mí lójú kó o sọ ọ́."

Aránbàtà gbé hámà, ó gbé e sílẹ̀. Kò wò ó lójú. Nọ́ọ̀sì ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ lẹ́nu aláìsàn, ó sì mọ bí ojú ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ṣe máa ń rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá obìnrin kan wà níbẹ̀. Oorun ò kùn ún mọ́. Bó bá ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á wà lórí òkè, á máa wá ẹni tí aránbàtà rí nínú kùrukùru.

Bàbá Kékeré ló da epo síná, kò sì mọ̀ pé epo ni òun gbé dání. Ó yà sílé ìwòsàn kó wá gba oògùn ẹ̀yìn dídùn, ó sì ń ṣàwàdà.

"Ìyàwó mi, fọkàn balẹ̀. Ìyá ẹ kàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Òun àti ọkọ ẹ mọwọ́ ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ilẹ̀kùn pípadé, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà níbẹ̀."

"Lẹ́yìn tí Màmá ti ní àwọn ò gbà?"

"Lẹ́yìn ẹ̀ ni."

Gbogbo nǹkan wá so pọ̀ lójú Nọ́ọ̀sì. Kò sí obìnrin kankan lórí òkè. Ìyá rẹ̀ ti lọ bá aránbàtà ṣèpàdé, wọ́n jọ pinnu pé kó mú ìlú tó burú jù, kí òun lè kọ òkè, kí òun jókòó ti ìyá òun. Ó fi aṣọ iṣẹ́ sọdá títì láìwo ọkọ̀.

"Kí ni ìwọ àti ìyá mi ń sọ nínú ilẹ̀kùn pípadé?"

Aránbàtà dìde dúró. Ó ti di ìdajì ẹrù rẹ̀ sínú àpò, nítorí ọjọ́ ajé ni wọ́n máa wó ṣọ́ọ̀bù.

"Bi ìyá ẹ."

"Ìwọ ni mo bi."

"Mo ti ṣèlérí fún wọn. N ò lè sọ ọ́."

"Ṣé wọ́n ní kó o mú ẹ̀kẹta?"

"Wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀kẹta. Èmi ni mo mú un."

"Kí ló dé tó o fi mú un?"

Aránbàtà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó bàtà sínú àpò. Nọ́ọ̀sì rí i pé omi ń lé ròrò lójú rẹ̀, inú sì túbọ̀ bí i, nítorí pé òun gan-an ló yẹ kó máa sunkún.

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ," ni Nọ́ọ̀sì wí, "ṣùgbọ́n ọkùnrin tó lè bá ìyá mi mulẹ̀ lẹ́yìn mi nígbà tí n ò tíì wọlé ẹ̀, kí ló máa ṣe tí mo bá wọlé tán? Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ́. Mi ò ṣe mọ́."

"Ìlú kẹta ni mò ń lọ," ni aránbàtà wí. "Ṣúmékà tó wà níbẹ̀ ti darúgbó, ó ní kí n wá gba àga òun. Tó o bá wá, wàá gbọ́ hámà mi."

Nọ́ọ̀sì ti kọjá sí òdìkejì títì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí. Ó ti pinnu pé ìlú olóòrùn ni òun máa lọ, òun nìkan, láìsí ọkọ, láìsí àṣẹ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní kí ìyá òun fún òun ní ìwé ìlú mẹ́ta yẹn. Tíṣà Àgbà dìde, ó lọ tààrà síbi àpótí tábìlì, ó mú un wá ní kíká mẹ́rin bó ṣe wà. Nọ́ọ̀sì tú u.

Wọ́n kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé: Àkókò Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Fún Àwọn Ọmọ Ìkókó. Abẹ́ rẹ̀ ni ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà wà, àti ọlọ́sẹ̀ mẹ́wàá, àti ibi itan tí wọ́n máa gún wọn.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà ló ṣi ìwé fà yọ. Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ báàgì, ìwé ìlú mẹ́ta sì wà níbẹ̀ rèǹtèrente. Àfi bó ṣe rántí pé ìyá rẹ̀ gbé ìwé abẹ́rẹ́ yìí sókè, tó ní òun ti kà á, tó sì ní kò sí ìlú kan tó sunwọ̀n nínú rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ẹ ka ìwé yìí lọ́jọ́ yẹn?"

"Látòkè délẹ̀. Ìkọ̀wé wọn ò tilẹ̀ dáa."

Nọ́ọ̀sì dìde. Bàtà ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bó ṣe yẹ. Ó gbé e, ó dojú ẹ̀ dé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Gìgísẹ̀ rẹ̀ dà bíi tuntun. Imú bàtà náà ló ti jẹ, ọ̀tún àti òsì, wọ́n lẹ awọ lé e, awọ náà jẹ, wọ́n tún lẹ òmíràn lé e. Ó mọ ọwọ́ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń jẹ bàtà báyìí, ìka ló fi ń wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó wo àwọn àga tí kò gbọ́dọ̀ ṣípò. Ó rántí ìwé ìròyìn àràárọ̀.

Ó rọra padà, ó na ìwé ìlú mẹ́ta sí ìyá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Tíṣà Àgbà ń wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń dúró dè é kó sọ̀rọ̀. Ìwé náà wà láàárín àwọn méjèèjì.

"Màmá, ẹ gbà á."

Ìgbà náà ni ọwọ́ jáde, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ní nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan.

"Láti ìgbà wo?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

Tíṣà Àgbà jókòó. "Ó ti lé lọ́dún méjì. Ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú wá sí àárín. Báyìí, bí ẹni tó ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́ ni. Mo rí imú ẹ. N ò rí etí ẹ. Lẹ́tà ìwé ò sì hàn sí mi mọ́."

"Ta ló mọ̀?"

"Aránbàtà. Mo gbé bàtà fún un kó lẹ imú ẹ̀. Ó ní, 'Màmá, ẹsẹ̀ yín ń bèèrè ọ̀nà.' Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Mo mú un búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wá gbọ́ ohùn ẹ̀ ní pálọ̀ mi pé òun ló fẹ́ fẹ́ ẹ, mo ní àṣírí ti tú nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún lọ bá a. Mo ní tó bá sọ ọ́, n ò ní dárí jì í láéláé."

"Màmá, nọ́ọ̀sì ni mí."

"Torí ẹ̀ ni n ò ṣe sọ. Bó o bá mọ̀, o ò ní lọ mọ́. Wàá jókòó tì mí, wàá máa wò mí bí aláìsàn, wàá sì kórìíra mi nígbà tó bá yá. Bó o bá sì ní o máa lọ, wàá kó mi gorí òkè tí n ò mọ ilẹ̀ ẹ̀. Nínú ilé yìí, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Ta ló máa ka tòkè fún mi?" Ó nu ojú rẹ̀. "Mo rò pé tí mo bá lé ọkùnrin yẹn lọ, gbogbo ẹ̀ máa wà bó ṣe wà."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún ìyá rẹ̀, ó sì sunkún. Ohun tó dùn ún jù ni pé ojoojúmọ́ ló ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ń jẹun lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò ríran. Aránbàtà tí òun pè ní ọ̀dàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá òun ló gbé mì, ó sì gbà kí òun kọ ọ́ sílẹ̀ ju kó pọ ọ̀rọ̀ náà jáde lọ.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ rí dókítà ojú. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù ni òun máa fi oògùn dì mú. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ kan tí aránbàtà sọ ń padà wá sí Nọ́ọ̀sì létí. Irin gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àtẹ̀gùn ò sí. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́.

Ó lọ bá Bàbá Kékeré ní gáréèjì. "Ẹ gbé wa lọ sí ìlú kẹta."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi àti Màmá."

Bàbá Kékeré fẹ́ ṣàwàdà, ó wo ojú rẹ̀, ó dáwọ́ dúró.

Tíṣà Àgbà ò fẹ́ lọ. Ó ní àgbàlagbà kì í fọwọ́ ara ẹ̀ wá ibi tó máa ṣubú sí. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n kàn lọ fọwọ́ kan irin kan, bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn á padà sílé, òun á sì ya ìwé náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú ìyá rẹ̀ dìde, nítorí pé ó mọ ọmọ tó bí, kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù ni bọ́ọ̀sì dúró nísàlẹ̀ ìlú kẹta. Kùrukùru náà funfun, ó nípọn. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́, kò rí ìka rẹ̀. Bàbá Kékeré, tó ti fi ogún ọdún wa ọkọ̀, sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó fi imú gbá òpó.

Tíṣà Àgbà gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ síbi tí òpó náà ti dún, ọwọ́ rẹ̀ sì ba irin. Irin náà tutù, ọwọ́ èèyàn ti pa á dán. Ó fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ síwájú díẹ̀, ó tún tọ̀ ọ́ síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọwọ́.

Ohùn obìnrin kan ń bọ̀ látòkè. "Alágbàfọ̀ o. Ta ló wà níwájú? Ẹ pe iṣẹ́ yín ká lè mọ ẹni tó ń bọ̀."

Tíṣà Àgbà ló wá dáhùn. "Tíṣà ni. Mo ti fẹ̀yìntì."

"A kì í fẹ̀yìntì lórí irin mà, Tíṣà ni Tíṣà. Ẹ máa bọ̀ lápá òkè, èmi á gba ìsàlẹ̀. Ẹ kú àárọ̀."

Obìnrin náà kọjá lára wọn bẹ́ẹ̀, ó ń rùn fún ọṣẹ. Kò rí ojú wọn, kò sì bèèrè ẹni tó ríran àti ẹni tí kò ríran. Nọ́ọ̀sì gbọ́ tí ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún gbéra, ẹsẹ̀ náà ò wọ́lẹ̀ mọ́.

"Àbúrò mi, di irin mú," ni Tíṣà Àgbà wí níwájú. "Ìwọ lo ń ríran, má wá máa fi imú wá ọ̀nà. Ọmọ mi, gbé ẹsẹ̀ òsì sínú díẹ̀, kòtò wà níbẹ̀."

Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀. Ohùn hámà ń dún lókè níbì kan. Ó dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ ẹnìkan sì ń bọ̀.

"Tíṣà," ni Tíṣà Àgbà ké.

Ẹsẹ̀ náà dúró. Ohùn ọkùnrin kan dáhùn. "Aránbàtà."

Ọkàn Nọ́ọ̀sì fò sókè.

"O sọ fún ọmọ mi?" ni Tíṣà Àgbà bi í.

"Rárá mà. Mo ṣèlérí."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Ó wá fi ẹ́ sílẹ̀ torí mi, o sì gbà?"

"Ọ̀rọ̀ yín ni mà. Kì í ṣe tèmi láti sọ."

"Òmùgọ̀ ni ẹ́," ni Tíṣà Àgbà wí. "Irú òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn mi tí kò mọ irin dì mú dáadáa. Bá mi mú un." Ó sì kọjá lára rẹ̀, ó ń gòkè lọ.

Nọ́ọ̀sì dá dúró síbi tó wà. Wọ́n ní kéèyàn pe iṣẹ́ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ó wí.

Irin abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mì díẹ̀, ọwọ́ kan sì yọ́ bọ̀ lórí rẹ̀ títí tó fi kan tirẹ̀. Ó mọ ìka náà, àtàǹpàkò tó yi, tó ní ojú ọgbẹ́ abẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo pè ẹ́ lóhun tí o ò jẹ́," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Má bínú."

"Mo bínú díẹ̀," ni aránbàtà wí. "Àárò ẹ pọ̀ ju ìbínú lọ."

"O yan ìlú fún ìyá mi, ìyá mi tí kò fẹ́ fojú rí ẹ."

"Ìwọ ni mo yàn án fún. Mo mọ̀ pé o ò ní lè gbádùn ibi tí ìyá ẹ bá ti ń ṣubú. N ò kàn lè sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ ni. Mo rò pé tó o bá dé ibí, tí o bá fọwọ́ kan irin, o máa mọ̀ ọ́n fúnra ẹ."

Nọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn, ó gbé orí lé e láyà. Ó ń rùn fún gọ́ọ̀mù bó ṣe máa ń rùn.

Ohùn Bàbá Kékeré dún nísàlẹ̀. "Wọ́n ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀ba. Mo ti ṣe tán láti yẹ̀ba o, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀nà han alárinà."

Aago mẹ́wàá lu kí kùrukùru tó ká. Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí aránbàtà gbà ni wọ́n jókòó sí, lórí àga àwọn oníbàárà. Nọ́ọ̀sì yọ ìwé ìlú mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ ka orí rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ ọmọ ìkókó. Bàbá Kékeré ni yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀ dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

"Gbé bírò wá," ni Tíṣà Àgbà wí. "Fi ìka mi síbi tó yẹ."

Nọ́ọ̀sì mú ìka ìyá rẹ̀, ó gbé e sórí àpótí kékeré tó wà níwájú ìlú kẹta. Tíṣà Àgbà gbé bírò, ó sì máàkì ibẹ̀ bó ṣe ń máàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ìbéèrè, ó fa ìrù rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì náà jáde kúrò nínú àpótí, ó gba orí orúkọ ìlú kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ìwé.

"Ṣé ó bọ́ sínú àpótí?"

"Ó bọ́ síbẹ̀, Màmá."

Tíṣà Àgbà ò gbé bírò sílẹ̀. Ó yí ojú sápá ọ̀hún. "Aránbàtà, ṣé ó bọ́ síbẹ̀?"

Aránbàtà wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo ìwé.

"Ó jáde, Màmá," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ó jáde púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wò ó tí kò ní mọ ìlú tá a mú."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kó o máa sọ ọ́ fún mi láti òní lọ. Èmi náà á máa sọ tèmi." Tíṣà Àgbà gbé bírò sílẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì nà án sí ọkọ ọmọ rẹ̀. "Bá mi yọ awọ imú ẹ̀ yẹn. N ò rò pé mo tún máa nílò ẹ̀."